Dópíyásà fún Màmá Paul

Èyítáyọ̀ ṣì ń fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lójú nígbà tó gbọ́ tí bùlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní kíṣíìnì. Ó dúró gbagidi. Kí ni wọ́n ń lọ̀? Ata ti wà nínú ìkòkò láti àárọ̀. Tòmátì ti wà níbẹ̀. Kò sí ohun kan tó kù lórí tábìlì tó yẹ kó dé inú ẹ̀rọ, àfi...

"Àǹtí! Àǹtí Lará, ẹ dúró!"

Ó wé táwẹ́ẹ̀lì mọ́ra, ó sáré jáde tòun ti ẹsẹ̀ tútù. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Àǹtí Lará, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ṣí ìdérí, wọ́n ń fi ṣíbí ha inú rẹ̀ kí ohunkóhun má baà ṣòfò, orin ṣọ́ọ̀ṣì sì ń jáde lẹ́nu wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwo funfun tí Èyítáyọ̀ kó àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin sí, tó ti gé ní abala-abala, ti ṣófo bí ẹni pé wọ́n lá a.

"Wàá yọ̀ ṣubú o," ni Àǹtí wí. "Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ ẹ ń bọ̀."

"Àǹtí, àlùbọ́sà tó wà nínú àwo yìí ńkọ́?"

"Mo ti bá ẹ lọ̀ ọ́. Mo rí i pé o gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Mo wá fi ata rodo mẹ́fà tì í, torí ọbẹ̀ tí mo bá lórí iná yìí, ọbẹ̀ aláìsàn ni."

Kí Èyítáyọ̀ tó rí nǹkan sọ, wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó ró ṣọ̀ọ̀.

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí? Iṣẹ́ alẹ́ ni Àǹtí ṣe ní ọsibítù mọ́jú, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọn ò yà sílé kí wọ́n tó wa ọkọ̀ wá, torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró bí òbí fún ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wà ní Iléṣà. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, àlùbọ́sà ọbẹ̀ kò ní ibòmíì tó ń lọ ju inú ẹ̀rọ. Òun, ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Kò sí obìnrin kan nílé wọn tó ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀ kó máa wò ó.

Paul ló fa gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ mọ irú ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, ìwọ á gbàgbé ohun tí o fẹ́ sọ? Ẹnjiníà ni ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, lẹ́bàá Houston níbí ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, wọ́n sì ní kó lọ rí Èyítáyọ̀, tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Uptown. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń tiro wá. Ní ọ̀sẹ̀ keje, lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí pátápátá, ó tún yọ lẹ́nu ọ̀nà, kò tiro mọ́, òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ti san," ló wí. "Ọkàn ló kù." Ẹlòmíì ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Èyítáyọ̀ kò fi rí oorun sùn.

Àmọ́ Paul ní ìyá, òun nìkan ṣoṣo sì ni ìyá náà bí. Hyderabad, ní ilẹ̀ India, ni wọ́n ti wá sí Houston, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. "Mi ò lè gbé ọ níyàwó kí ìyá mi máa sunkún nílé," ni Paul wí lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, omi sì lé ròrò sí ojú òun fúnra rẹ̀. Èyítáyọ̀ kò bínú. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó báyẹn, ṣebí irú rẹ̀ lèèyàn ń gbàdúrà fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ òní ni ìyá náà gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Kí lo mọ̀ ọ́n sè?"

Èyítáyọ̀ mọ ẹ̀fọ́ rírò. Ó mọ mọ́ínmọ́ín sè débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Paul ti sọ fún un pé ọbẹ̀ kan wà tí bàbá òun fẹ́ràn ju gbogbo oúnjẹ lọ, ọbẹ̀ ẹran àgùntàn alálùbọ́sà tó ń jẹ́ dópíyásà, àti pé látọjọ́ tí bàbá ti kú, ìyá òun kò sè é mọ́. Ìfẹ́ ló ti ahọ́n rẹ̀.

"Dópíyásà, Mà."

Fóònù dákẹ́ títí tó fi rò pé ó ti gé. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà tún wá. "Mo máa wá jẹ ẹ́. Tí mo bá jẹun tán, mo máa sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún Paul."

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló wo fídíò bí wọ́n ṣe ń sè é. Obìnrin inú fídíò náà pín àlùbọ́sà sí ọ̀nà méjì: ó din apá kan níbẹ̀rẹ̀, ó kó apá kejì pa mọ́ di ìparí. Kò sọ ìdí, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn bí ìyá tó ń kìlọ̀ fọ́mọ. Apá kejì yẹn ló ti di omi ata yìí, tó ń hó lójú Èyítáyọ̀.

Ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Kò burú. Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn: ọbẹ̀ ata ni, ọbẹ̀ ata ilé wọn gangan, tí èròjà India kàn ń rùn lára rẹ̀ bí ẹni tó fi lọ́fínńdà ẹlòmíì sára. Ẹran náà sì ti rọ̀, bó bá tún pẹ́ lórí iná, yóò já. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Aago kan ni wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tó ṣàlàyé fún Àǹtí Lará, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

"O ò sọ fún mi. Ẹni tó máa gé àlùbọ́sà sílẹ̀ láìlọ̀ ọ́, ṣebí ó yẹ kó lẹ̀wé mọ́ ọn." Wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì tún dìde fùú. "Àwọn ará India ò ha pọ̀ ní Hillcroft bí? Fi fóònù ẹ ra ti ilé oúnjẹ. Wọ́n á gbé e wá. O dà á sínú abọ́ ẹ tó dáa yẹn, a ti ìkòkò yìí sínú ààrò, ó parí."

"Àǹtí, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ibo? Ṣé wọ́n ní kí o búra ni? Wọ́n á jẹun, wọ́n á dúpẹ́, o di ìyàwó. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Èmi ò rí nǹkan kan."

Ó wo ìkòkò. Ó wo fóònù. Ó rántí omi tó lé sójú Paul nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà, ìka rẹ̀ sì ń wá ilé oúnjẹ kiri.

Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá náà lẹ́wà, ká sòótọ́. Àlùbọ́sà rẹ̀ wà lókè ní abala-abala, etí wọn ti pọ́n díẹ̀, òróró ń dán lára wọn. Èyítáyọ̀ dà á sínú abọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé, ó sì ki ike tí wọ́n fi gbé e wá bọ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú agolo ìdọ̀tí, ó tún fi bébà bò ó. Kò tíì jí nǹkan rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé bí àwọn olè ṣe ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Aago kan kò tíì lù tán nígbà tí wọ́n dé. Paul ló kọ́kọ́ wọlé, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe máa ń sọ lọ. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, sárì aláwọ̀ eérú ló wà lára wọn, bàtà kánfáàsì funfun sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá Paul wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọjá lọ jókòó, àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì lórí eékún.

Àǹtí Lará sọ̀rọ̀ sí Èyítáyọ̀ létí. "Ó jọ pé inú ti ń bí wọn bọ̀ láti ilé."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lèmi sọ? Wọn ò kúkú gbọ́ Yorùbá."

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn wá ń sọ, tàbí ká ní Paul ni ó ń sọ ọ́. Ó ń sọ nípa ọkọ̀ tó kún fíríwéè, ó ń sọ nípa òjò. Èyítáyọ̀ ṣí abọ́. Òórùn náà gbalẹ̀ kan. Màmá Paul bu díẹ̀ sórí ìrẹsì. Wọ́n fi ṣíbí gbé abala àlùbọ́sà kan sókè, wọ́n wò ó tọ̀tún-tòsì, wọ́n fi sẹ́nu.

Ojú wọn kún.

"Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi etí sárì nu ojú. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Àárọ̀ kùtù ló ti wà nídìí ẹ̀, Mà!" Àǹtí Lará ti já a gbà. "Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án!"

Paul nawọ́ lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ Èyítáyọ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Èyítáyọ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé òun ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí, àní lọ́jọ́ tó fi òrùka sí òun lọ́wọ́ pàápàá. Ó ti bọ́ sí i. Ohun tó gbààwẹ̀ fún ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Kó sáà dákẹ́ ni. Kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó ní "ẹ ṣé, Mà," kó sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń sunkún. Ọkọ wọn tó ti kú ni wọ́n ń sunkún fún, lórí ọbẹ̀ tí ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ dì sínú ike. Lọ́jọ́ ìbí Paul, wọ́n á ní kí ó tún un sè. Lọ́jọ́ ìrántí bàbá, wọ́n á ní kí ó tún un sè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àmọ́ ta ló sọ bí ogún ọdún yẹn á ti rí lára ẹni tó gbé irọ́ rù?

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti Paul.

"Mà, èmi kọ́ ni mo sè é."

Àǹtí Lará gbé ife omi wọn kalẹ̀.

"Mo rà á ni. Èyí tí mo sè bàjẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ má bínú, Mà."

"Táyọ̀," ni Paul wí.

Màmá Paul wo àwo wọn. "Ṣé ẹkún tí mo sun yìí, ilé oúnjẹ ni mo sun ún fún?"

Èyítáyọ̀ tẹ orí ba.

"Ìyẹn tí o sè dà?"

"Ó ti bàjẹ́, Mà."

"Mo gbọ́. Ibo ló wà?"

Wọ́n ti dìde. Èyítáyọ̀ sáré tẹ̀ lé wọn lọ sí kíṣíìnì, ó ṣí ààrò, ó gbé ìkòkò náà jáde bí ẹni gbé ẹrù òfin. Màmá Paul mú ṣíbí, wọ́n bù ú, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n dúró. Ikọ́ bá dé. Wọ́n wúkọ́ títí, omi ń bọ́ lójú wọn, Èyítáyọ̀ ń wá omi kiri, Àǹtí Lará sì ń lu ẹ̀yìn wọn pẹ́pẹ́pẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń lu ti àwọn aláìsàn wọn.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Ata rodo, Mà," ni Àǹtí wí. "Mẹ́fà péré."

"Àlùbọ́sà ńkọ́? Mi ò rí àlùbọ́sà."

"Ó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀." Àǹtí Lará gbé àyà sókè díẹ̀, bí ẹni tó ti pinnu láti jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ọmọ yìí gé e sílẹ̀, èmi ni mo kó o sínú ẹ̀rọ. Ní ilé tiwa, Mà, a kì í fi àlùbọ́sà ṣe ọ̀ṣọ́."

Màmá Paul wo Àǹtí Lará láti òkè délẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ tó dì mọ́ ṣíbí. Wọ́n tún wo bùlẹ́ńdà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn lójijì, ẹ̀rín tó papọ̀ mọ́ ikọ́, tí wọn ò lè dá dúró mọ́.

"Àlùbọ́sà méjì," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí mí. "Ohun tí orúkọ ọbẹ̀ náà ń sọ nìyẹn. Dó ni èjì, píyáàsì ni àlùbọ́sà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èjì báwo, Mà?" Èyítáyọ̀ kò mọ ìgbà tó bèèrè.

"Ìjà tó wà níbẹ̀ nìyẹn." Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó sínú kíṣíìnì níbẹ̀. "Ìyá tó bí mi sọ pé ìgbà méjì ni àlùbọ́sà máa wọ inú ìkòkò. Ti àkọ́kọ́ máa yọ́, o ò ní rí i mọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì máa wọlé nígbà tí ẹran bá ti jinná, ìyẹn ni ojú máa rí. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ gbuu ni. Wọ́n ní ohun tí èjì túmọ̀ sí ni pé kí àlùbọ́sà wúwo tó ẹran lọ́nà méjì, kí o sì dà á sí i nígbà tó bá wù ọ́. Oṣù tí mo dé ilé wọn, mo sè é bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Wọ́n wo inú abọ́, níwájú àlejò mọ́kànlá, wọ́n ní, 'Kí lo pe èyí?'"

"Ẹ̀ẹ̀n! Àwọn ìyá ọkọ!" Àǹtí Lará pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá rántí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kan náà bo ẹnu.

Màmá Paul ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ètè wọn mì díẹ̀. "Ọkọ mi jẹ tiwọn, ó jẹ tèmi. Ó ní òun ò mọ ìyàtọ̀. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ti lọ, a ti wà ní Houston níbí, kó tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ dáadáa."

"Èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù, Mà?"

"Kò sọ." Wọ́n ń fi ìka yí ìdérí ìkòkò po. "Látìgbà tó ti kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti sè é. Mo máa din ti àkọ́kọ́. Tó bá wá ku ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo máa pa iná."

Lórí fíríwéè tó wà lẹ́yìn apátíméǹtì, ọkọ̀ ń kọjá lọ ṣìì, ṣìì. Paul ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó débẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òun náà kò gbọ́ eléyìí rí.

Ìyá rẹ̀ kò yíjú sí i. "Paul, lọ ra àlùbọ́sà wá."

"Mélòó, Mummy?"

"Ṣé mo ní kí o bèèrè? Lọ."

Ó lọ. Nígbà tó máa fi dé, Màmá Paul ti so etí sárì wọn mọ́dìí, Àǹtí Lará ti pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n fi omi dín ata náà kù. Paul fẹ́ dúró wò wọ́n. Wọ́n lé e padà sí pálọ̀.

"Má gé e wẹ́wẹ́," ni Màmá Paul kọ́ Èyítáyọ̀. "Gé e sí mẹ́rin. Wàyí, fi àtàǹpàkò ṣí i, abala kọ̀ọ̀kan, báyìí. Ó dáa. Òróró ńkọ́? Jẹ́ kó gbóná gan-an."

Èyítáyọ̀ dà á sínú òróró. Àǹtí Lará na ọrùn. "Ẹ ò ní jẹ́ kó jinná tán ni?"

"Kò gbọ́dọ̀ jinná tán."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Wọ́n dà á lé ọbẹ̀ pupa náà lórí. Kò jọ ti inú fídíò. Kò jọ ti ilé oúnjẹ. Àwọn abala àlùbọ́sà náà dúró gedegbe láàrin ata bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí èbúté tí kò mọ̀. Màmá Paul tọ́ ọ wò, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún bu òmíràn.

"Mummy?" Paul ń pè láti pálọ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. "Kí lẹ wá rí sí i?"

"Mo ní tí mo bá jẹun tán!"

Màmá Paul ní kí Èyítáyọ̀ bá àwọn ṣí omi, àlùbọ́sà ti lẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó mú ọṣẹ, ó sì gba ọwọ́ wọn òsì sí tirẹ̀ láti bá wọn fọ̀ ọ́, bó ṣe máa ń gba ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Àtẹ́lẹwọ́ náà là. Yíǹkì dúdú ló kún inú rẹ̀.

Lẹ́tà ilẹ̀ wọn ló wà lókè, róbótó-róbótó. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé oúnjẹ fún ọmọ: E-yi-ta-yo. Lábẹ́ ìyẹn: E kaasan. Lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, níbi tí òógùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́: Anti Lara. Wọ́n á ti máa kà á bọ̀ nínú ọkọ̀, láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹnìkan tó kúnlẹ̀ níwájú wọn tí gbogbo rẹ̀ sì fò lọ.

Èyítáyọ̀ kò gbé ojú sókè. Ó dín omi náà kù títí tó fi ń kán tótó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ náà láti ibi ìka, jẹ́jẹ́, níbi tí kò sí yíǹkì.